Ta Ló Kó Kíjìpá Màmá Ọ̀ṣunfúnkẹ́?

Wọn kò já ilẹ̀kùn, wọn kò fọ́ fèrèsé. Ẹni tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù Màmá Ọ̀ṣunfúnkẹ́ nílé ẹgbẹ́ àwọn ahunṣọ ní Ìlá ṣí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ ara rẹ̀, ó kó gbogbo kíjìpá tó wà níbẹ̀, ó sì padà ti ilẹ̀kùn náà pa kó tó bá tirẹ̀ lọ. Olè tó ń tilẹ̀kùn! Fúnminíyì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, kò rí irú rẹ̀ rí, inú rẹ̀ sì dùn sí i bí inú ẹni tí wọ́n pa àlọ́ tuntun fún.

Bí ẹ bá ń gbé ní Ìlá, ẹ ti mọ Fúnminíyì. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ dúpẹ́, nítorí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan àgọ́ ọlọ́pàá ló sábà máa ń mọ̀ ọ́n. Ojúlọ̀rọ̀wà ni ìlú sọ ọ́. Bó bá bi ọ́ ní ìbéèrè, kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀, kì í gbá tábìlì, kì í pariwo. Á kàn máa jẹ ẹ̀pà yíyan rẹ̀, á sì tẹjú mọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ àkàrà nínú epo gbígbóná. Ọ̀pọ̀ olè ló ti jẹ́wọ́ nítorí kí ojú yẹn ṣáà lè kúrò lára wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń wí yìí, àwọn ìyá ahunṣọ ti kún iwájú ilé ẹgbẹ́ ní àdúgbò Ẹ̀yìndí. Ìyá Moríyọ̀, tó jẹ́ Ìyá Ẹgbẹ́, ló dúró síwájú. Ènìyàn dáadáa ni Ìyá Moríyọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú ọgbọ́n rẹ̀ délé.

“Ìyá Ẹgbẹ́, ẹ jókòó ná,” Fúnminíyì wí.

“N kò jókòó! Àdìsá ni! Ẹ mú un!”

“Ta ló rí i?”

“Ta ló tún yẹ kó rí i? Òun nìkan ni nọ́ńbà tó ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ń lọ sí ọwọ́ rẹ̀. Ẹ wo èékánná rẹ̀! Ẹ wò ó! Kí ló kàn án bí kò ṣe aró? Aṣọ wa ló jí.”

Àdìsá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkadà rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ abíyá. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì tóbi.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín kí ẹ má baà sọnù. Láti ọdún tó kọjá ni ẹgbẹ́ ti ń lo ẹ̀rọ olóye kan lórí kọ̀ǹpútà. Abániṣe ni wọ́n sọ ọ́. Kì í ṣe ẹ̀rọ tó kàn ń dáhùn ìbéèrè. Ó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ọmọ Ìlá kan tó wà ní Èkó tàbí lókè òkun bá fẹ́ ra kíjìpá, Abániṣe ló máa bá a dúnàádúrà, òun ló sì máa fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù Àdìsá. Nọ́ńbà yẹn ń ṣí ilẹ̀kùn ìta, ó ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ẹni tó hun aṣọ náà. Àdìsá á kó aṣọ, á gbé e lọ sí gáréèjì. Àgádágodo kọ́bọ́ọ̀dù Màmá fi hàn pé wọ́n ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn yòókù wà lóko. Kò sọ ẹni tó ṣí i.

Màmá Ọ̀ṣunfúnkẹ́ alára kò sí nílé. Fáyọmí, àkọ́bí rẹ̀, ti gbé e lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sì ti bá a ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Dókítà ní kò gbọdọ̀ sunkún rárá, ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi pe òun tàbí Fáyọmí lórí fóònù láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló sì máa wọ Ìlá padà.

Èyí ló ń ká Fúnminíyì lára. Ọmọ ìlú Ọ̀rà ni Àdìsá. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì ń rá, Màmá Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ló gbé e wá sí Ìlá, tó wẹ̀ ẹ́, tó rán an níṣẹ́, tó nà án, tó sì fi ẹran sọ́bẹ̀ rẹ̀. Bí Màmá bá dé tó sì rí i pé wọ́n ti ti Àdìsá mọ́lé, tí gbogbo Ẹ̀yìndí ń pè é lólè, kí ni ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là fún un á máa wò? Ọ̀gá àgọ́ sì ti sọ ọ́: bí ilẹ̀ bá ṣú tí wọn kò rí olè mìíràn, kí wọ́n mú èyí tó wà nílẹ̀.

“Bọ̀dá Àdìsá,” Fúnminíyì jókòó tì í, ó na ẹ̀pà sí i. “Níbo lẹ wà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú?”

“Mo wà níbì kan, Ọ̀gá.”

“Ibi wo?”

“N kò lè sọ.”

“Wọ́n fẹ́ tì yín mọ́lé, ẹ̀yin ń sọ pé ẹ kò lè sọ?”

“Mo ti ṣèlérí, Ọ̀gá mi. Ẹni tí mo ṣèlérí fún ju àtìmọ́lé lọ.”

Fúnminíyì wo ojú rẹ̀. Ojú òpùrọ́ a máa sá. Ojú Àdìsá kò sá síbì kankan, omi ló kàn kún inú rẹ̀, ó sì ń tiraka kó má baà ṣàn níwájú àwọn obìnrin.

Fúnminíyì dìde. “Ìyá Ẹgbẹ́, kíjìpá Màmá tó sọnù yẹn, àwọ̀ wo ni?”

“Funfun ni. Gbogbo wọn pátá. Màmá kì í ta aláró, bí wọ́n bá hun ún, ti ara wọn ni; funfun ni wọ́n gbájú mọ́.”

“Ẹ ṣeun. Tó bá jẹ́ funfun ni wọ́n kó, aró tó wà léèékánná Bọ̀dá Àdìsá, ibo ló ti wá?”

Ìyá Moríyọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jókòó.

*

Ẹ̀yìnkùlé Màmá Ọ̀ṣunfúnkẹ́ kò jìnnà sí ilé ẹgbẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àyàfi adìyẹ kan tó ń sàba nínú agbọ̀n. Lábẹ́ ìbòrí páànù ni òfì Màmá wà, ó dúró gbọnrangandan ti ògiri bí gbogbo òfì kíjìpá ti í dúró. Aṣọ aláró kan ṣì wà lójú rẹ̀. Fúnminíyì fi ọwọ́ kan òwú náà, aró tuntun sì mọ́ ọn níka.

Ó wo aṣọ náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ní ìsàlẹ̀, ó ki, ó tẹ́jú, ó gún régé. Nígbà tó dé àárín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ìlà kan fún, ìkejì dẹ̀, ẹ̀kẹta kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí. Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀, ó tún ń dára sí i, bí ọmọdé tó ń kọ́ ìrìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń múlẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sọ́dọ̀ Àdìsá. Ó tẹ̀ sí etí rẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́.

“Bọ̀dá, ibi tí ẹ ti gba òfì lọ́wọ́ wọn, ó kọ́kọ́ wọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ ti ń mọ̀ ọ́n.”

Àdìsá fi ọwọ́ bo ojú. Èjìká ńlá rẹ̀ ń mì. Kò yé Fúnminíyì bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

“Ojú Màmá ti ṣókùnkùn tipẹ́,” ó wí nígbẹ̀yìn. “Wọn kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ mọ̀ pé wọn kò lè hun aṣọ mọ́. Wọ́n ní bí ẹgbẹ́ bá mọ̀, wọ́n á ní kí àwọn lọ sinmi, àwọn kò sì fẹ́ sinmi. Wọ́n ní kí n búra. Èmi ni mo wá ń hun ún láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí àdúgbò bá dá. Kíjìpá, Ọ̀gá! Iṣẹ́ obìnrin! Bí àwọn ọlọ́kadà bá gbọ́, mo gbé.”

“Wọn kò ní gbọ́ lẹ́nu mi.”

“Ẹ má sọ fún àwọn ìyá yìí náà.”

“N kò ní sọ. Ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ, mo gbọ́dọ̀ rí ẹni tó kó aṣọ yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú.”

Ó dá a lójú nísinsìnyí pé Àdìsá kọ́ ni. Àmọ́ ìdánilójú tí ènìyàn kò lè sọ jáde, kí ni ìwúlò rẹ̀ níwájú Ìyá Moríyọ̀? Ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í láti àárọ̀. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ ẹni tó gba nọ́ńbà. Ẹni tó fún un ní nọ́ńbà ńkọ́?

*

Dámisọ́lá ló ṣètò Abániṣe fún ẹgbẹ́. Ó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà, òun sì ni ìyàwó Oyèdọ̀tun, ọmọ Màmá Ọ̀ṣunfúnkẹ́ tó kéré jù. Ọmọ tó mọ̀wé tó sì tún mọ ìkúnlẹ̀ ni. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n máa ń bá a jà bí ọmọ tí wọ́n bí.

Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ka orí tábìlì. Ìyá Moríyọ̀ fa àga, ó jókòó sẹ́yìn wọn kí ẹnikẹ́ni tó ní kó jókòó.

“Èwo ni ojú rẹ̀?” Fúnminíyì bèèrè.

“Ojú ta ni, Àǹtí?”

“Abániṣe.”

“Kò lójú, Àǹtí. Ọ̀rọ̀ lásán ni.”

“Ọlọ́run ṣàánú mi,” Ojúlọ̀rọ̀wà wí, ó sì fi ẹ̀pà kan sẹ́nu.

“Mo ti bi í ná,” Dámisọ́lá wí. “Mo bèèrè pé ta ló jí kíjìpá Màmá. Ó ní kò sí àkọsílẹ̀ olè jíjà kankan.”

“Kò gbọ́ Ìgbómìnà ni!” Ìyá Moríyọ̀ ké láti ẹ̀yìn. “Mo sọ ọ́! Màmá bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí wọ́n tó lọ sí Ìbàdàn, bí ẹnu wa ṣe rí gan-an ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Kò yé e. Ó lọ sọ nọ́ńbà fún olè.”

Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ jọ òótọ́. Fúnminíyì ní kí wọ́n ṣí ohun tí Màmá sọ. Ó wà níbẹ̀ wẹ́rẹ́, kò sí èyí tó bọ́: pé òun àti Fáyọmí, àkọ́bí òun, ń rìnrìn àjò, pé òun kò mọ ọjọ́ tí òun máa dé, pé kí àwọn ọmọ òun bá òun mójú tó ẹrù òun tó wà nílé ẹgbẹ́. Abániṣe gbọ́ Ìgbómìnà bí ọmọ àdúgbò Ìpẹrin ní Ìlá. Ọ̀nà yẹn dí.

“Dámisọ́lá, báwo ló ṣe ń mọ ohun tó yẹ kó ṣe?”

“Irinṣẹ́ ni mo kó lé e lọ́wọ́, Àǹtí. Ẹ wò ó bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ lónìí, tí wọ́n fún ní àpótí irinṣẹ́, tí wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ ṣí ọ̀kankan wò. Kò mọ inú wọn. Àpèjúwe tí mo kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan nìkan ló ń kà: ohun tí irinṣẹ́ náà ń ṣe, ìgbà tí wọ́n ń lò ó, ìgbà tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ ló ti ń yan èyí tó bá iṣẹ́ mu. Bí àpèjúwe bá dára, ó máa ṣe dáadáa. Bí kò bá dára…” Ó gbé èjìká sókè.

“Kà wọ́n fún mi.”

Dámisọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. “Ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Irinṣẹ́ yìí ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí Àdìsá kó lè kó aṣọ tí oníbàárà rà. Lò ó lẹ́yìn tí owó bá ti wọlé. Bí owó kò bá tíì wọlé, má lò ó, bí oníbàárà tilẹ̀ ń bẹ̀ ọ́.”

“Ó yé mi. Èmi gan-an lè ṣe é.”

“Wo òwú. Irinṣẹ́ yìí ń sọ bí òwú tó kù nínú ẹgbẹ́ ṣe pọ̀ tó. Kò lè ra òwú. Bí wọ́n bá fẹ́ rà, sọ fún Ìyá Ẹgbẹ́.”

“Ó dára. Tẹ̀ síwájú.”

“Pín ẹrù. Irinṣẹ́ yìí ń kó gbogbo ẹrù inú kọ́bọ́ọ̀dù ọmọ ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀. Lò ó nígbà tó bá yẹ.”

Fúnminíyì dẹ́kun jíjẹ ẹ̀pà. “Ìgbà wo ló yẹ?”

“Hà, Àǹtí. Ẹ̀yin náà mọ̀.”

“N kò mọ̀.”

“A kò tíì lò ó rí ni, ẹ má da ara yín láàmú. Láti ìgbà tí Abániṣe ti dé, kò tíì sí ẹni tó…”

Dámisọ́lá gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ó wo Ìyá Moríyọ̀. Ìyá Moríyọ̀ wo àjà. Láti àárọ̀, ojú kan kò tíì sá fún Fúnminíyì. Méjì ló wá sá lẹ́ẹ̀kan náà yìí, nítorí gbólóhùn kan tí kò parí.

“Kò tíì sí ẹni tó kí ni?”

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́.”

“Dámisọ́lá.”

“Ìyá ọkọ mi wà nínú ẹgbẹ́ yìí, Àǹtí! Ẹ fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́?”

Ìgbà yẹn ló yé Fúnminíyì. Ó yé e lójijì, ẹ̀rín sì fẹ́ pa á, ṣùgbọ́n ó pa á mọ́ra.

“Ikú ni,” ó wí.

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Ìyá Moríyọ̀ fi ọwọ́ yí orí ká, ó ta ìka dànù sójú fèrèsé.

“Irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú ni, kí àwọn ọmọ má baà máa jà lórí aṣọ. Kí ló dé tí o kò kọ ọ́ síbẹ̀?”

“Mo kọ ọ́!” Dámisọ́lá yíjú kúrò níbi kọ̀ǹpútà. “Mo kọ ọ́ kedere: nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú. Ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ ni pé kí n ka gbogbo àpèjúwe sókè nípàdé kí n tó kó o fún Abániṣe. Ọjọ́ tí mo kà á, ilé dàrú. Wọ́n ní ta ni mo fẹ́ kó kú. Wọ́n ní ṣé ìyá ọkọ mi ló ti sú mi. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n wá ní kí n yọ ọ́, kí n kọ ‘nígbà tó bá yẹ.’ Wọ́n ní ẹni tó bá lóye á mọ̀.”

“Ta ló sọ ìyẹn?”

Kò sí ìdí fún Dámisọ́lá láti dáhùn, nítorí Ìyá Moríyọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè rẹ̀ wé, gèlè tí nǹkan kan kò ṣe.

“Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí,” Ìyá Moríyọ̀ wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ṣé Abániṣe kì í ṣe ọmọlúàbí ni?”

“Ọmọlúàbí ni, Ìyá. Ó ń kí ni, kì í bínú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sìn ín lọ síbi òkú rí, kò sí ẹni tó ṣẹ́jú sí i rí nígbà tí àgbà ń sọ̀rọ̀. Àbọ̀ tó kù, ibo ló fẹ́ ti rí i? Ó ní láti lọ wá a fúnra rẹ̀.” Fúnminíyì yíjú sí kọ̀ǹpútà. “Dámisọ́lá, ìwọ bi í ní ti olè. Bá mi bi í lọ́nà mìíràn. Ní kó sọ ohun tó ṣe sí kọ́bọ́ọ̀dù Màmá Ọ̀ṣunfúnkẹ́.”

Dámisọ́lá tẹ̀ ẹ́. Ìdáhùn jáde kíá, ó sì kà á sókè.

“Ẹ kú ọ̀sán o. Màmá Ọ̀ṣunfúnkẹ́ sọ fún mi pé àwọn ń rìnrìn àjò, pé kí àwọn ọmọ àwọn mójú tó ẹrù àwọn. Mo wo àwọn irinṣẹ́ mi. Pín ẹrù nìkan ló sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ, àpèjúwe rẹ̀ sì ní kí n lò ó nígbà tó bá yẹ. Ó dà bíi pé ó yẹ. Mo fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí awakọ̀ kan tó ń kó ẹrù lọ sí Òkè-Ìlá láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ó ti já ẹrù náà sí ilé Fáyọmí, àkọ́bí wọn.”

“Bi í pé kí ló dé tí kò sọ látàárọ̀.”

Ìdáhùn kejì kúrú: “Wọ́n béèrè olè lọ́wọ́ mi. N kò rí olè kankan.”

Fúnminíyì kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí tí ẹ̀pà fi há a lọ́fun, Dámisọ́lá sì ń gbá a lẹ́yìn, òun náà ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Moríyọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ojú fèrèsé, níbi tí Àdìsá ṣì jókòó sí nínú oòrùn, tí ẹnikẹ́ni kò gbé omi fún.

*

Àdìsá ló fi ọkadà rẹ̀ gbé Fúnminíyì lọ sí Òkè-Ìlá. Àwọn ènìyàn tó rí wọn lọ́nà rò pé ọlọ́pàá ti mú un ni, pé ọkadà ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé e lọ sẹ́wọ̀n, èyí sì bí Fúnminíyì nínú débi pé ó ń juwọ́ sí gbogbo wọn bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó.

Ilé Fáyọmí wà ní títì. Òun náà ṣì wà lọ́nà, ó ń gbé ìyá rẹ̀ bọ̀ láti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń gbé ní ilé kejì yọ jáde.

“Ẹrù Bọ̀dá Fáyọmí lẹ bá wá? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé e! Awakọ̀ kàn já a sí mi lọ́wọ́ ni, ó ní kí n bá wọn gbà á. Mo gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì kí eku má baà jẹ ẹ́, ilẹ̀ lèmi fúnra mi wá ń sùn.”

Wọ́n tú ìdì náà. Kíjìpá funfun ni, ó pé pérépéré, òórùn òwú ṣì wà lára rẹ̀. Àdìsá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án kí aró èékánná rẹ̀ má baà ràn án. Lẹ́yìn náà ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà obìnrin náà, ó sì da omi ojú tó ti dè mọ́lẹ̀ láti àárọ̀. Fúnminíyì kò sọ pé kó dákẹ́. Ó dúró tì í, ó bó ẹ̀pà sí i lọ́wọ́.

*

Nígbà tí wọ́n padà dé Ẹ̀yìndí, mọ́tò Fáyọmí ti wà níwájú ilé ẹgbẹ́. Màmá Ọ̀ṣunfúnkẹ́ jókòó sórí àga láàárín àwọn obìnrin, ó wọ gíláàsì dúdú ńlá kan tó mú un dà bí ọ̀dọ́. Kò tíì sí ẹni tó láyà láti sọ ohunkóhun fún un, ṣùgbọ́n ènìyàn kò nílò ojú láti mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn kò dára.

“Kí ló ṣẹlẹ̀ níbí yìí?” ó bèèrè.

Fúnminíyì sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: kọ́bọ́ọ̀dù, irinṣẹ́, gbólóhùn tí wọ́n yọ, Òkè-Ìlá. Ibi tí Àdìsá wà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú nìkan ni kò sọ. Nígbà tó parí, Ìyá Moríyọ̀ jáde sáàárín, ó dojú kọ Àdìsá. Ó dàgbà ju Àdìsá lọ dáadáa, síbẹ̀ ó tẹ orúnkún rẹ̀ kan ba.

“Àdìsá, mo fi ẹnu mi bà ọ́ jẹ́, lójú gbogbo ènìyàn. Lójú gbogbo ènìyàn náà ni mo fi ń bẹ̀ ọ́.”

“Ẹ dìde, Ìyá. Ó ti tán.”

“Kò tíì tán,” Màmá Ọ̀ṣunfúnkẹ́ wí. Kò pariwo. “Ẹ kò fẹ́ kí n kú, ó dára, ẹ ṣeun. Ṣé nítorí kí a má dárúkọ ikú mi lẹ ṣe fẹ́ sọ ọmọ mi di olè? Dámisọ́lá, gbé ẹ̀rọ rẹ.”

“Màmá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ sinmi ná.”

“Gbé e. Ibi tí wọ́n ní kó o yọ yẹn, dá a padà. Nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ariwo sọ. Hàà! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ̀yìn ọ̀tá ni! Màmá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́.

“Èwo nínú yín ló fẹ́ gbé ayé títí láé? Kọ ọ́, ìyàwó mi. Èmi ìyá ọkọ rẹ ni mo ní kó o kọ ọ́, kò sí ẹni tó máa bi ọ́.”

Dámisọ́lá ń kọ, omijé ń kán sórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. Ó ń ka ohun tó ń kọ sókè bí òfin ẹgbẹ́ ṣe wí. “Lò ó nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú nìkan. Má lò ó nítorí pé ó rìnrìn àjò. Má lò ó nítorí pé ara rẹ̀ kò yá, tàbí nítorí pé ó dàgbà. Kó o tó lò ó, kí Ìyá Ẹgbẹ́ àti ẹlòmíràn kan ti fi ẹnu ara wọn sọ fún ọ pé òótọ́ ni. Bí kò bá dá ọ lójú, má ṣe nǹkan kan, béèrè.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” Màmá wí.

“Ó ku ibì kan, Màmá.” Dámisọ́lá nu ojú rẹ̀. “Mo kọ ‘àwọn ọmọ rẹ̀’ síbẹ̀. Ìyẹn náà kò tó. Kò mọ ọmọ ẹnì kankan bí a kò bá dárúkọ wọn fún un, á tún lọ wá a fúnra rẹ̀. Ẹ ní láti sọ orúkọ àwọn ọmọ yín.”

“Fáyọmí. Ìyádùnní tó wà ní Èkó. Oyèdọ̀tun, ọkọ rẹ.”

Dámisọ́lá kọ wọ́n. “Ó pé, Màmá?”

“Ta ló sọ pé ó pé? Kọ Àdìsá.”

Àdìsá, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìdì kíjìpá lórí èjìká, kò mira.

“Níbo ni kí n kọ ọ́ sí, Màmá? Lẹ́yìn wọn?”

“Níwájú Fáyọmí.” Màmá Ọ̀ṣunfúnkẹ́ bọ́ gíláàsì dúdú náà, ó sì ń wá Àdìsá láàárín èrò pẹ̀lú ojú tuntun rẹ̀ títí ó fi rí i. “Kọ ọ́ kó hàn kedere, kí ẹ̀rọ mọ̀, kí Ẹ̀yìndí náà mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó dáyé, òun ló kọ́kọ́ pè mí ní ìyá.”